Oko Láìsí Ìkòkò: Lámèyítọ́ Ìwé Alice Waters lórí Ọgbà Ilé-Ìwé

Àṣamọ̀

Ní ọdún 2008 ni Alice Waters gbé ìwé rẹ̀, Edible Schoolyard: A Universal Idea, jáde lórí ọgbà-ẹ̀fọ́ àti ilé ìdáná tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé kan ní ìlú Berkeley, ní Amẹ́ríkà, ń lò. Àkọlé ìwé náà sọ pé èrò inú rẹ̀ wà fún gbogbo ayé. Iṣẹ́ yìí yẹ ọ̀rọ̀ ńlá náà wò láti ojú ilé-ìwé ilẹ̀ Yorùbá, níbi tí oko ilé-ìwé ti wà tipẹ́ kí a tó gbọ́ orúkọ Berkeley. Ohun tí a rí fàyọ ni pé oko kò wọ́n wa. Ìkòkò ni a kò gbé ka iná.

Ìfáàrà

Ó ṣòro láti rí olùkọ́ kan láàárín wa tí kò di ọkọ́ tàbí àdá mú rí nígbà tí òun fúnra rẹ̀ wà nílé-ìwé. Bí a bá bi irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ léèrè ohun tí ó rántí nípa oko ilé-ìwé, yóò sọ̀rọ̀ nípa eèkan tí ó gé e lọ́wọ́, nípa oòrùn ọ̀sán, àti nípa olùkọ́ tí ó jókòó sábẹ́ igi máńgòrò pẹ̀lú pàṣán lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá bi í pé báwo ni àgbàdo tàbí ẹ̀gẹ́ tí wọ́n gbìn níbẹ̀ ṣe rí lẹ́nu, yóò dákẹ́. Kò tọ́ ọ wò. Orí ìdákẹ́ yìí ni a gbé iṣẹ́ yìí kà.

Ìwé tí ó mú wa dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ kì í ṣe ìwé tuntun mọ́, wọn kò sì kọ ọ́ fún wa. Síbẹ̀, èrò inú rẹ̀ ti rìn jìnnà. Ní Ọsirélíà, Stephanie Alexander, tí òun náà jẹ́ alásè àti òǹkọ̀wé, bẹ̀rẹ̀ ètò tí ó jọ ọ́ ní Collingwood College, ní ìlú Melbourne, ní ọdún 2001, ètò náà sì tàn dé ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ní orílẹ̀-èdè náà. Ẹni tí ó bá sọ pé èrò òun jẹ́ ti gbogbo ayé ti pe gbogbo ayé jókòó sí ìgbẹ́jọ́ rẹ̀. Ó tọ́ kí àwa náà dá a lóhùn, pàápàá jù lọ àwa tí ń kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́ lọ́la.

Ìwé náà àti ìtàn tí ó sọ

Alice Waters kì í ṣe àgbẹ̀. Ilé oúnjẹ Chez Panisse tí ó dá sílẹ̀ ní Berkeley ní ọdún 1971 ni ó sọ ọ́ di olókìkí. Ṣáájú ìgbà náà, ó ti ṣe olùkọ́ ọmọdé ní ìlànà Montessori, ìyẹn ìlànà tí ó gbà pé ọwọ́ ni ọmọ fi ń kọ́kọ́ mọ nǹkan. Òǹkàwé tí kò bá fi èyí sọ́kàn yóò rò pé ìwé nípa oúnjẹ ni òun ń kà, bẹ́ẹ̀ ìwé nípa ẹ̀kọ́ ni.

Ìtàn náà kò gùn. Waters a máa gba iwájú ilé-ìwé Martin Luther King Jr. Middle School kọjá bí ó bá ń lọ sílé, ó sì sọ fún akọ̀ròyìn kan pé ilé-ìwé náà dàbí ibi tí ẹnikẹ́ni kò bìkítà fún. Ọ̀gá ilé-ìwé náà, Neil Smith, gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Dípò kí ó bínú, ó ránṣẹ́ pè é pé kí ó wá kí àwọn jọ sọ ọ́. (Mélòó nínú àwọn ọ̀gá ilé-ìwé tí a mọ̀ ni yóò ṣe bẹ́ẹ̀?) Ilẹ̀ kan wà nínú ọgbà ilé-ìwé náà, ó tó éékà kan, ọ̀dà ni wọ́n dà bò ó bí ẹni da títì. Ní ọdún 1995 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n gbin ohun tí yóò kọ́kọ́ tún ilẹ̀ náà ṣe kí wọ́n tó gbin ohun jíjẹ sí i. Ní ọdún 1997, ilé ìdáná ṣí. Láti ìgbà náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún 11 sí 14, ti ń lọ sí ọgbà gẹ́gẹ́ bí apá kan ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, tí wọ́n sì ń lọ sí ilé ìdáná gẹ́gẹ́ bí apá kan ẹ̀kọ́ ìtàn àti ìgbé-ayé àwùjọ. Ẹni tí ó ń kọ́ ìtàn ìlú kan nínú ìwé yóò se oúnjẹ ìlú náà.

Àwòrán ni ó gbé púpọ̀ nínú ìwé náà ró, a kò sì lè sọ pé ó burú bẹ́ẹ̀, nítorí ohun tí Waters fẹ́ sọ jẹ́ ohun tí ojú gbọ́dọ̀ rí kí ọkàn tó gbà á. Ibi tí ó ti dára jù ni ibi tí ó ti fi hàn bí ẹ̀kọ́ ilé ìdáná ṣe ń parí. Àwọn ọmọ pín ara wọn sí ọ̀wọ́ kéékèèké, wọ́n se oúnjẹ, wọ́n tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, wọ́n fi òdòdó sí i, wọ́n jókòó, wọ́n jẹun, wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n sì fọ àwo. Kò sí ẹni tí ó jẹun lórí ìdúró. Ó hàn pé òǹkọ̀wé náà mọ̀ pé ẹ̀kọ́ náà kò tíì parí nígbà tí oúnjẹ jinná. Ìgbà tí àwọn tí ó ṣiṣẹ́ bá jókòó ti ohun tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe ni ó tó parí.

Àìlera ìwé náà wà níbi tí owó wà. Ohùn ẹlẹ́rìí ni Waters fi ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe ohùn olùwádìí, ẹlẹ́rìí kì í sì í dúró ka iye tí nǹkan ná òun. Ní ọdún 1996 ni ó dá àjọ kan sílẹ̀, Chez Panisse Foundation, tí ó ń ti ọgbà náà lẹ́yìn. Olùkọ́ wà fún ọgbà, olùkọ́ wà fún ilé ìdáná, wọ́n sì ń gbowó oṣù. Orúkọ òǹkọ̀wé náà fúnra rẹ̀ tó láti ṣí ilẹ̀kùn olówó. Bí ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní abúlé tí ó wà lẹ́yìn Ìṣẹ́yìn bá ka ìwé yìí tán, yóò pa á dé, yóò sì mí kanlẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ owó, èrò náà kò tíì kúrò ní Berkeley.

Ẹ̀sùn Flanagan

Ẹni tí ó kọ lu ètò yìí jù lọ ni Caitlin Flanagan, nínú àròkọ rẹ̀ Cultivating Failure tí ìwé ìròyìn The Atlantic tẹ̀ jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2010. Ó ní kí òǹkàwé fojú inú wo ọmọ kan tí àwọn òbí rẹ̀ ti Mẹ́síkò wá, tí wọ́n ń fi ẹ̀yìn títẹ̀ ká ẹ̀fọ́ nínú oko olóko kí ọmọ wọn lè kàwé. Ọmọ náà dé ilé-ìwé, wọ́n ní kí ó lọ ká ẹ̀fọ́. Ó tún ní kò sí ẹ̀rí tí ó fìdí múlẹ̀ pé ọgbà ń mú kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ ìwé kíkà tàbí ìṣirò sí i, àti pé ọmọ tálákà ni àkókò tí a bá fi ṣòfò ń dùn jù.

A kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ rọ́ ẹ̀sùn yìí sẹ́yìn, nítorí àwọn tí ó ṣáájú wa ní ilẹ̀ yìí ti rò ó rí. Nígbà tí àjọ Phelps-Stokes rán ìgbìmọ̀ rẹ̀ wá sí ilẹ̀ Adúláwọ̀ ní ọdún 1920 sí 1921, àbọ̀ tí wọ́n jẹ́ ní 1922 gba àwọn aláṣẹ nímọ̀ràn pé kí ẹ̀kọ́ bá ìgbé-ayé abúlé mu, kí iṣẹ́ àgbẹ̀ àti iṣẹ́ ọwọ́ sì gba ipò pàtàkì nínú rẹ̀. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sọ ohun tí ó jọ ọ́ nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní 1925. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀mọ̀wé wa ìgbà náà fura. Ojú tí wọ́n fi wò ó ni pé wọ́n fẹ́ fi ọkọ́ lé ọmọ dúdú lọ́wọ́ kí ó má baà di kálàmù mú. Philip Foster, tí ó ṣèwádìí ní Gánà, tún kọ ọ́ ní ọdún 1965 pé kì í ṣe àìsí ẹ̀kọ́ àgbẹ̀ nílé-ìwé ni ó ń lé ọ̀dọ́ kúrò lóko: ọ̀dọ́ ń wo ibi tí owó àti iyì wà ni, ojú rẹ̀ sì là. Ẹni tí ó bá fẹ́ yin ọgbà ilé-ìwé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba abẹ́ ọ̀rọ̀ yìí kọjá.

Òfin ọ̀wẹ̀

Ibi tí ẹ̀sùn Flanagan ti mẹ́hẹ ni pé ọkọ́ ni ó ń wò, kò wo ìkòkò. Ohun tí ó bu àwọn òbí ọmọ Mẹ́síkò náà kù kì í ṣe pé wọ́n fọwọ́ kan ewé. Ẹnu ẹlòmíràn ni ewé náà ń lọ, iye tí olówó bá fẹ́ ni ó sì ń san fún wọn.

Àwọn àgbà ilẹ̀ wa mọ ìyàtọ̀ yìí, wọ́n sì fi orúkọ yà á sọ́tọ̀. Nínú àáró, ẹgbẹ́ kan ń bá ara wọn ṣiṣẹ́ ní àyípo. Iṣẹ́ ni wọ́n fi ń san iṣẹ́, kò sì sí ẹni tí kò ní í kan oko rẹ̀. Nínú ọ̀wẹ̀, ẹni tí iṣẹ́ wọ̀ lọ́rùn ni ó ń bẹ ará, ọ̀rẹ́ àti àna. Kò ní í san kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n dandan ni kí ó se oúnjẹ. Ọkọ ìyàwó tí ó kó ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí oko baba ìyàwó kò retí owó, ṣùgbọ́n bí àwọn ẹgbẹ́ náà bá fi ebi padà sílé, ìtìjú ilé ìyàwó ni, ọ̀rọ̀ náà kò sì ní í tán nílẹ̀ bọ̀rọ̀. Iyán tí wọ́n gbé wá sóko kì í ṣe owó iṣẹ́. Ohun tí ó ń fi hàn ni pé ènìyàn ni wọ́n bẹ̀, kì í ṣe ẹrú ni wọ́n kó wá. Ìwọ̀fà pàápàá, tí ó ń sin olówó nítorí gbèsè, ní àkókò tirẹ̀ láti lọ ro oko ara rẹ̀. Baba tí ó ń mú ọmọ lọ sóko a sì máa fi ibì kan lé ọmọ náà lọ́wọ́ kí ó máa ro ó fúnra rẹ̀, ohun tí ó bá sì ti ibẹ̀ jáde, ti ọmọ náà ni.

Bí a bá fi òfin ọ̀wẹ̀ wọn ọgbà Berkeley, ó yege láìsí àríyànjiyàn, nítorí ẹni tí ó gbìn ni ó sè, ẹni tí ó sè ni ó jẹ. Bí a bá fi wọn oko ilé-ìwé tiwa, akẹ́kọ̀ọ́ wa kò tó ìwọ̀fà. Ọ̀rọ̀ yìí le lẹ́nu, ṣùgbọ́n kí olùkọ́ tí ó bá fẹ́ jà á níyàn kọ́kọ́ sọ fún wa ibi tí ẹ̀gẹ́ ilé-ìwé tirẹ̀ ń gbà lọ.

Ọ̀rọ̀ àkókò tí Flanagan sọ ṣì wà nílẹ̀. Àwa ni ó sì bá wí ju Berkeley lọ. Ọgbà tiwọn ní ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì nínú. Àkókò iṣẹ́ oko lọ́dọ̀ wa kò ní ìwé, kò ní ìbéèrè, kò ní ohun tí a ń wọ̀n tàbí tí a ń kọ sílẹ̀.

Oko ilé-ìwé tiwa

Ọ̀nà mẹ́ta ni a gbà ya oko kúrò lára ìkòkò. Èkíní ni irúgbìn tí a ń yàn. Sáà ẹ̀kọ́ kan kò ju bí ọ̀sẹ̀ 12 tàbí 13 lọ. Ẹ̀gẹ́, tí ọ̀pọ̀ ilé-ìwé fẹ́ràn nítorí pé kò fẹ́ ìtọ́jú púpọ̀, ń gba tó oṣù 9 sí oṣù 12 kí ó tó gbó. Ẹni tí ó gbìn ín ti lè bọ́ sí kíláàsì mìíràn, tàbí kí ó ti jáde. Àgbàdo tí a gbìn ní oṣù kẹrin yóò tó yà ní oṣù keje, nígbà tí ìdánwò ń lọ lọ́wọ́ tí ilé-ìwé sì fẹ́ gba ọlidé. Ìwọ̀nyí ni irúgbìn tí ó yẹ ẹni tí kò retí kí ọmọ jẹ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n tẹ̀tẹ̀ kò ju ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 lọ kí ó tó tó já. Ewédú kò pẹ́ jù ú lọ púpọ̀. Bí a bá gbìn wọ́n ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọn yóò ti wọnú ìkòkò kí sáà tó dé ìdajì tàbí kí ó kọjá rẹ̀ díẹ̀, a ó sì tún rí àyè gbin òmíràn.

Èkejì ni kọ̀ríkúlọ́ọ̀mù. Lábẹ́ ètò 6-3-3-4 tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1982, ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn dá dúró lọ́tọ̀, ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ilé dá dúró lọ́tọ̀. Olùkọ́ wọn yàtọ̀, àkókò wọn yàtọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, àṣà ni pé àwọn ọmọkùnrin ni ó ń gba ọ̀nà oko, àwọn ọmọbìnrin ni ó ń gba ọ̀nà ilé ìdáná. Àtúnṣe kọ̀ríkúlọ́ọ̀mù ọdún 2012 kó àwọn méjèèjì sábẹ́ orúkọ kan gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ ìpalẹ̀mọ́ fún iṣẹ́ ọwọ́. A yìn ín. Ṣùgbọ́n a lè kó ènìyàn méjì sínú ilé kan kí wọ́n má bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Ẹ̀kẹta, tí ó burú jù, ni pé a sọ ọkọ́ di pàṣán. Ẹni tí ó pẹ́ dé, kí ó lọ roko. Ẹni tí ó sọ èdè Yorùbá ní kíláàsì, kí ó lọ roko. (Èyí kò ní kí olùkọ́ Yorùbá rẹ́rìn-ín rárá.) Ọmọ tí a fi ọdún mẹ́fà kọ́ pé oko ni ibi tí a ń rán ọ̀daràn lọ, kí ni yóò ṣe nígbà tí a bá wá sọ fún un lọ́jọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde pé kí ó padà sóko kí ó lè bọ́ orílẹ̀-èdè? Foster sọ pé owó ni ọ̀dọ́ ń wò. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó tún ń rántí.

Ní ọdún 2016, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò fífún àwọn ọmọ kíláàsì kìíní sí ìkẹta ní oúnjẹ ọ̀sán, èyí tí ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ti ń ṣe irú rẹ̀ ṣáájú. Àwọn alásè àdúgbò ni ó sè é, ọwọ́ àgbẹ̀ ìtòsí ni wọ́n fẹ́ kí a ti máa ra èròjà rẹ̀. Bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe, nítorí náà a kò ní í sọ̀rọ̀ ètò yìí láìdáa. Ohun tí ó kàn wá níhìn-ín ni pé ìkòkò dé inú ọgbà ilé-ìwé nígbà náà, ó sì dé láìsí oko. Àwo ni ọmọ mú wá. Kò mọ ibi tí oúnjẹ náà ti wá, kò sì sí ẹni tí ó fi í ṣe ẹ̀kọ́ fún un.

Ìkẹ́nnẹ́

Bí a bá ń wá ilé-ìwé ilẹ̀ Yorùbá tí oko àti ìkòkò ti pàdé, a kò ní í rìn jìnnà. Ní ọdún 1956 ni Táí Ṣólàrìn (1922–1994) àti Sheila, aya rẹ̀, dá Mayflower School sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́, lẹ́yìn tí Ṣólàrìn ti fi ipò ọ̀gá Mọ́lúsì College, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, sílẹ̀. Orúkọ ọkọ̀ ojú omi tí ó gbé àwọn tí ń wá òmìnira ẹ̀sìn láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ sí Amẹ́ríkà ní 1620 ni ó fi sọ ọ́. Ilé-ìwé tí kò fi ti ẹ̀sìn kankan ṣe ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń roko, wọ́n ń sin adìẹ, wọ́n ń bá wọn kọ́ ilé tí àwọn fúnra wọn ń gbé, ohun tí wọ́n bá sì ti inú oko kó wá ń wọ ìkòkò ilé-ìwé. Ọ̀gá náà nínú ṣòkòtò péńpé rẹ̀ wà láàárín wọn. Ẹni tí kò ṣẹ̀ náà ń roko, nítorí náà oko kò lè jẹ́ ìyà.

Bí a bá gbé Ṣólàrìn àti Waters kalẹ̀ fún ìfiwéra, ibi tí àwọn méjèèjì ti gbéra yàtọ̀. Adùn ni Waters gbójú lé. Ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni pé bí ahọ́n ọmọ bá mọ adùn ẹ̀fọ́ tútù, ìyókù yóò tẹ̀lé e. Òmìnira ni Ṣólàrìn gbójú lé. Ẹni tí kò lè bọ́ ara rẹ̀, lójú tirẹ̀, kò tíì kàwé. Kò tẹ́ aṣọ sórí tábìlì fún ẹnikẹ́ni. Èmi rò pé ti Ṣólàrìn ni ó sún mọ́ ìṣòro wa jù, ṣùgbọ́n ó ní àlébù tirẹ̀: ara ẹnì kan ni ó so mọ́. Ní àwọn ọdún 1970 ìjọba gba àkóso ilé-ìwé, àpẹẹrẹ Ìkẹ́nnẹ́ kò sì di ìlànà fún àwọn ilé-ìwé ìjọba yòókù. Wọ́n mú iṣẹ́ oko nínú rẹ̀, wọ́n fi ọ̀gá tí ń bá wọn roko sílẹ̀. Èyí tí ó dùn mọ́ni nínú ìwé Waters, tí a kò rí lọ́dọ̀ Ṣólàrìn, ni pé ó gbà kí ọmọ gbádùn. Kò sí ohun tí ó ní kí ọmọ ilẹ̀ Yorùbá má gbádùn ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó rí bí ọmọdé ṣe ń dúró ti àgbàdo sísun lẹ́bàá iná mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọgbà àti ẹ̀kọ́ Yorùbá

Ìwé Waters kò sọ̀rọ̀ èdè púpọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó sì jẹ́ pé èdè ni olùkọ́ Yorùbá ní láti kọ́kọ́ béèrè. Ní oṣù kìíní ọdún 1970, nígbà tí Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò títí dé kíláàsì kẹfà, ètò náà sì fi hàn pé èdè wa lè gbé e. Ṣùgbọ́n èdè ń fẹ́ ibi tí yóò ti ṣiṣẹ́. Ẹ wo ọ̀rọ̀-ìṣe àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí a máa ń túmọ̀ sí kíkórè. Àgbẹ̀ Yorùbá kì í fi ọ̀rọ̀ kan ṣe gbogbo rẹ̀. A ń wa iṣu, a ń fa ẹ̀gẹ́ tu, a ń ya àgbàdo, a ń ká ọsàn, a ń já ewé. Bí a bá dé ìdí ààrò, a ń bẹ, a ń rẹ́, a ń gún, a ń ro, a ń dín, a ń sun, a ń bọ̀. Ọmọ tí ó já ewédú lára igi rẹ̀ lówùúrọ̀ yóò tún fi ìjábẹ̀ já a nínú ìkòkò lọ́sàn-án, yóò sì ti rí fúnra rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ kan lè ṣe iṣẹ́ méjì. Bí olùkọ́ bá ju kánún díẹ̀ sí i tí ewédú náà sì tètè yọ̀, ìbéèrè tí ọmọ yóò bi í jẹ́ ti sáyẹ́ǹsì, èdè Yorùbá ni yóò sì fi bi í.

Mo ṣe alábòójútó ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé-ìwé kan tí n kò ní í dárúkọ. Orúkọ ẹ̀fọ́ ni akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ náà ń kọ́ kíláàsì kẹrin. Ó kọ orúkọ mẹ́jọ sójú pátákó: tẹ̀tẹ̀, ṣọkọyọ̀kọ̀, ewédú, gbúre, ebòlò, yánrin, ọ̀dù, ewúro. Àmì ohùn rẹ̀ pé. Ohùn rẹ̀ já gaara. Àwọn ọmọ kà á tẹ̀lé e lẹ́ẹ̀mẹta. Lójú fèrèsé tí mo jókòó tì, àwọn tí ó pẹ́ dé ń roko, mo sì rí i tí ọmọkùnrin kan hú ebòlò àti gbúre tìtẹ̀-tìtẹ̀ mọ́ koríko, tí ó kó wọn jù sẹ́yìn ògiri. Kò mọ̀ wọ́n. Ọmọ kíláàsì kẹrin ni òun náà. Máàkì gíga ni mo fún akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ náà, ó sì tọ́ sí i ní ìbámu pẹ̀lú fọ́ọ̀mù tí ó wà lọ́wọ́ mi. Àyè wà nínú fọ́ọ̀mù náà fún ìmúra, fún ohùn, fún ìlò pátákó àti ohun-èlò ìkọ́ni. Káàdì tí ó ya ewé sí ni mo kà sí ohun-èlò ìkọ́ni.

Ohun tí a ń dábàá fún irú akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ bẹ́ẹ̀ kò tó éékà kan, kò sì fẹ́ àjọ olówó. Ebè tí kò gùn ju ìwọ̀n ẹsẹ̀ mẹ́wàá lọ ti tó fún kíláàsì kan. Èso tẹ̀tẹ̀ wà lọ́jà, kò wọ́n. Kí gbogbo kíláàsì gbìn ín, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, kí wọ́n máa kọ ọjọ́ tí ó hù àti bí ó ṣe ga sí sínú ìwé wọn ní èdè Yorùbá. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá já a, kí wọ́n ṣà á, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n sì sè é lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹni tí ó bá pẹ́ dé kò ní í sí nínú àwọn tí ń roko. Ìyà tirẹ̀ ni pé kò ní í bá wọn gbìn.

Àwọn ìṣòro wà tí Waters kò bá wa rò. Ta ni yóò ra epo, irú àti iyọ̀? Ta ni yóò dúró ti iná nígbà tí ọmọ 50 wà nínú kíláàsì kan? Ewúrẹ́ àdúgbò ńkọ́, ní ilé-ìwé tí kò ní ògiri? Àwọn òbí tí wọ́n bá gbọ́ pé ọmọ wọn ń dáná nílé-ìwé yóò wá béèrè, ó sì tọ́ kí wọ́n béèrè. Kí a pè wọ́n kí wọ́n tó wá, kí ìyá kan nínú wọn wá fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é han kíláàsì náà, pẹ̀lú ìjábẹ̀ tirẹ̀. Ní ti epo àti iyọ̀, owó tí ilé-ìwé ń rí lórí ẹ̀gẹ́ tó ó rà, bí a bá lè mọ ẹni tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀.